Àṣìṣe Tí A Jẹ́wọ́ Àti Àṣìṣe Tí A Bò Mọ́lẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí òwe yìí ṣàjèjì sí, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé irọ́ ni. Bí àgbẹ̀ kan bá ní ẹgbẹ̀ta ebè láti kọ, tí ó bẹ ọ̀wẹ̀, tí ogún ọkùnrin sì jẹ́ ẹ lóhùn, iṣẹ́ tí ìbá gba òun nìkan ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ yóò parí kí oòrùn tó wọ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tí ó ń kọ ebè lápá ọ̀tún kò ní ohunkóhun láti bi ẹni tí ó wà lápá òsì. Kálukú mọ ibi tí ààlà tirẹ̀ dé, bí ọwọ́ bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni ilẹ̀ ń tán.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti oko dé, kí ó yà sí ilé ìdáná. Iṣu ti jinná, àlejò sì ti jókòó. Obìnrin méjì tàbí mẹ́ta lè gún iyán náà pọ̀ nínú odó kan bí wọ́n bá mọ bí ọmọ odó ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Bí ìyá ilé bá wá tìtorí pé ebi ń pa àlejò, tí ó pe obìnrin mẹ́wàá jọ sí ìdí odó kan ṣoṣo náà, ọmọ odó yóò máa gbá ọmọ odó, ọwọ́ yóò máa gba ọgbẹ́, iyán yóò sì lẹ́mọ. Àgbájọ ọwọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n odó kì í ṣe oko. Iṣẹ́ oko ṣeé pín kiri; iṣẹ́ odó kò ṣeé pín kọjá ìwọ̀n kan. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ti fi ọ̀pọ̀ owó àti làálàá ṣòfò láyé òde òní, pàápàá jùlọ nínú iṣẹ́ kan tí àwọn baba ńlá kò rí rí, ṣùgbọ́n tí òwe wọn bá mu rẹ́gí. Iṣẹ́ náà ni kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ńláńlá.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò gbọ́n. Irin àti wáyà lásán ni. Ètò tí ènìyàn kọ sínú rẹ̀ ni ó ń sọ fún un pé kí ó mú èyí, kí ó fi kún tọ̀hún, bí ó bá sì rí báyìí, kí ó ṣe báyìí. Ètò kékeré kò ju ohun tí ẹnì kan lè kọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ètò tí ilé ìfowópamọ́ ńlá tàbí ilé-iṣẹ́ ìjọba yóò máa lò lójoojúmọ́ lè gùn dé àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ìlà, ìlà kọ̀ọ̀kan sì lè ba òmíràn jẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè kọ ọ́ tán láyé rẹ̀, nítorí náà ó di dandan kí a kó ènìyàn jọ. Níbẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilé tí a ń kọ́ hàn sí gbogbo ayé. Bí ògiri bá wọ́, ẹni tí ń kọjá lọ lójú ọ̀nà yóò rí i. Ètò kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ṣeé fojú rí, kò ṣeé fọwọ́ bà. Ọ̀gá tí ń bójú tó o kò lè lọ dúró níwájú rẹ̀ kí ó wọ̀n ọ́n bóyá ó ti dé ojú fèrèsé. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ bá sọ fún un ni yóò gbọ́, àwọn òṣìṣẹ́ pàápàá a sì máa tan ara wọn jẹ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe lè ṣòro tó, kí ó gbé ìtàn Frederick Brooks yẹ̀ wò. Ìlú Durham ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1931. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Harvard ní ọdún 1956, ó sì gba iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ IBM ní ọdún kan náà. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀gá fi rí i pé orí rẹ̀ pé, wọ́n sì fi í ṣe olórí àwọn tí ń ṣe irúfẹ́ kọ̀ǹpútà tuntun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ System/360. Kí kọ̀ǹpútà yìí tó dé, ètò tí a kọ fún kọ̀ǹpútà kékeré kì í sábà ṣiṣẹ́ lórí ńlá. Ẹni tí òwò rẹ̀ bá gbòòrò tí ó ra ẹ̀rọ tí ó tóbi jù ní láti kọ àwọn ètò rẹ̀ lákọ̀tun. Ìlérí System/360 ni pé àti ẹ̀rọ kékeré àti ẹ̀rọ ńlá yóò máa gbọ́ èdè kan náà. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 1964, IBM kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ó ku ọjọ́ méjìlá kí Brooks pé ẹni ọdún 33.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ láìsí ètò, ara láìsí ẹ̀mí ni. Wọ́n gbé iṣẹ́ ètò àgbà tí yóò máa darí ẹ̀rọ náà, tí a ń pè ní OS/360, lé Brooks kan náà lọ́wọ́. Iṣẹ́ yìí ni ó fi ojú rẹ̀ rí màbo. Nígbà tí iṣẹ́ náà gbóná jù, àwọn ènìyàn tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ lé ní 1,000, láti orí àwọn tí ń kọ ètò títí dé orí àwọn akọ̀wé. Brooks fúnra rẹ̀ ṣírò pé láti ọdún 1963 sí ọdún 1966, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ tó nǹkan bí iṣẹ́ ọdún 5,000 fún ẹnì kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ètò náà pẹ́ kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá. Ó gba àyè nínú ẹ̀rọ ju bí wọ́n ti rò lọ, owó tí ó gbà di ìlọ́po ìlọ́po iye tí wọ́n kọ́kọ́ fojú bù, kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa títí wọ́n fi tún un ṣe lẹ́ẹ̀melòó kan lẹ́yìn tí ó ti jáde. Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ náà yọ̀lẹ, kì í sì ṣe pé wọn kò mọ iṣẹ́. Lára àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà jù láyé ìgbà náà wà láàárín wọn.

Ọ̀ràn kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí yóò bá di olórí gbọ́. Kí kíkọ ètò gan-an tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a kọ ìwé tí yóò sọ bí ètò náà yóò ṣe rí ní kíkún: ohun tí yóò máa ṣe, àti ọ̀nà tí ẹni tí ń lò ó yóò máa gbà bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀gá méjì wà lábẹ́ Brooks. Èkínní ní ènìyàn 10 péré, àwọn àṣàyàn tí ó jẹ́ pé ètò gbígbé kalẹ̀ ni iṣẹ́ wọn. Ó ní àwọn ènìyàn òun yóò kọ ìwé náà láàárín oṣù 10, èyí tí yóò fi oṣù 3 kọjá àkókò tí wọ́n dá. Èkejì ní ènìyàn 150. Ó ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún òun, àwọn òṣìṣẹ́ òun yóò parí rẹ̀ lásìkò, iṣẹ́ náà yóò sì dára. Ó tún fi kún un pé bí wọ́n bá gbé e fún àwọn ènìyàn 10, àwọn 150 tòun yóò káwọ́ gbera fún oṣù 10 ni. Ọ̀gá kìíní kìlọ̀. Ó ní bí wọ́n bá gbé e fún àwọn 150, yóò ṣì fi oṣù 3 kọjá àkókò náà ni, kò sì ní dára tó.

Ta ni ìbá wà ní ipò Brooks tí kò ní ṣe bí ó ti ṣe? Àkókò ń lọ, àwọn 150 sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gba owó oṣù. Ó gbé iṣẹ́ náà fún àwọn 150. Ohun gbogbo sì rí bí ọ̀gá kìíní ti wí. Ìwé náà fi oṣù 3 pẹ́, kò sì dọ́gba, nítorí pé ọpọlọ tí ó kọ ọ́ pọ̀ jù, kálukú sì gbé èrò tirẹ̀ sínú rẹ̀. Brooks ṣírò lẹ́yìn ọ̀la pé àìdọ́gba yìí nìkan fi nǹkan bí ọdún kan kún àkókò tí wọ́n fi wá àṣìṣe inú ètò náà. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ni ó bá a lọ. Ọkùnrin yìí kò di ẹ̀bi ru ọ̀gá kejì, kò sì sọ pé òṣìṣẹ́ ni kò ṣe dáadáa. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tí gbogbo ayé lè kà pé òun ni òun pinnu, òun ni òun ṣì í, pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ a máa wo ìgbéraga sàn, kì í sì í kúrò lọ́kàn ẹni bọ̀rọ̀.

Kí ni ó fa ìkùnà yìí? Ìṣirò tí kò le ni. Bí ènìyàn méjì bá ń ṣiṣẹ́ kan pọ̀, ọ̀nà kan ni ọ̀rọ̀ ń gbà láàárín wọn. Bí wọ́n bá di mẹ́ta, ọ̀nà di 3. Bí wọ́n bá di márùn-ún, ọ̀nà di 10. Bí wọ́n bá di mẹ́wàá, ó di 45. Bí ènìyàn 150 bá ní láti gbọ́ ara wọn yé, ọ̀nà ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín wọn di 11,175. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni àṣìgbọ́ lè gbé dúró de ọ̀rọ̀. Ní oko, àwọn ọ̀nà yìí kò já mọ́ nǹkan, nítorí pé ebè kì í bá ebè sọ̀rọ̀. Nínú ètò kọ̀ǹpútà, ohun tí Àjàyí kọ ní láti bá ohun tí Àdùkẹ́ kọ mu, bí kò bá bá a mu, ohun tí àwọn méjèèjì kọ kò wúlò.

Láti inú ìrírí yìí ni ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní òfin Brooks ti jáde. Bí iṣẹ́ ètò bá ti ń falẹ̀, tí ọ̀gá sáré lọ gba òṣìṣẹ́ tuntun, ìfàsẹ́yìn ni ó fi owó ara rẹ̀ rà. Àwọn tuntun kò mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa kọ́ wọn. Iṣẹ́ tí a ti pín tẹ́lẹ̀, a óò tún un pín. Ọ̀nà ọ̀rọ̀ tún pọ̀ sí i. Brooks fi oyún ṣe àpèjúwe ọ̀ràn náà, ó sì yé tọmọdé tàgbà: oyún kò mọ ọ̀wẹ̀. Iye obìnrin yòówù kí a pè jọ, oṣù rẹ̀ ni yóò pé.

Ẹ̀kọ́ kejì tí Brooks kọ́ ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo kọ́ ni ikán fi ń jẹ òpó ilé. Ètò tí ó fi ọdún kan pẹ́, kì í ṣe àjálù kan ni ó já lù ú. Lónìí, òṣìṣẹ́ kan ṣàìsàn. Lọ́la, ẹ̀rọ bàjẹ́. Ní ọ̀tunla, ìwé tí wọ́n ń retí kò dé. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ń lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bẹ̀rù ọjọ́ kan. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ọ̀gá gba "ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ó yẹ kí a ti pààlà sí iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ààlà tí ó hàn gbangba tó bẹ́ẹ̀ tí a lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn ìbéèrè pé ṣé a ti dé ibẹ̀. Ẹ̀kọ́ kẹta ni pé iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ ní èrò kan ṣoṣo nínú. Ó sàn kí ètò má ṣe gbogbo ohun dáradára tí ọpọ́n ènìyàn ń gbèrò, kí ohun tí ó ń ṣe sì bá ara wọn mu, ju kí ó dà bí aṣọ tí aránṣọ mẹ́wàá rán, tí apá ọ̀tún gùn ju ti òsì lọ.

Nígbà tí Brooks ń fi IBM sílẹ̀, Thomas Watson kékeré, tí ó jẹ́ olórí ilé-iṣẹ́ náà, bi í léèrè ìdí tí iṣẹ́ ètò fi ṣòro í darí ju iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ. Ìbéèrè náà bá a délé. Ẹnu iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì gbé e lọ, nítorí pé ó ti dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Yunifásítì North Carolina ní ìlú Chapel Hill ní ọdún 1964, ó sì ṣe olórí ẹ̀ka náà fún ogún ọdún. Òun nìkan kọ́ ni ìbéèrè yìí ń dà láàmú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1968, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Garmisch, ní ilẹ̀ Jámánì, láti wádìí ìdí tí àwọn ètò ńláńlá fi ń pẹ́, tí wọ́n ń gbówó lórí, tí wọ́n sì ń kùnà. Ní ọdún 1975, Brooks gbé ìwé rẹ̀ jáde, The Mythical Man-Month, ó ní ìdáhùn tí ó pẹ́ ni fún ìbéèrè Watson. Ìwé kékeré ni, ṣùgbọ́n títí di òní ni àwọn oníṣẹ́ ètò ń kà á. Kì í ṣe ìtàn ìṣẹ́gun ni ó mú kí wọ́n máa kà á. Ìtàn ẹni tí ó ṣubú ni, tí ó sì padà lọ wo ohun tí ó gbé e ṣubú, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà kọ lu òkúta kan náà.

Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ni èyí tí ó ṣe ní ogún ọdún lẹ́yìn náà. Nínú ìwé ọdún 1975 náà, Brooks gbà pé ó yẹ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa rí gbogbo inú iṣẹ́ àwọn yòókù. Onímọ̀ mìíràn, David Parnas, ti sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kí a fi inú iṣẹ́ kálukú pamọ́ fún àwọn yòókù, kí wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà nìkan, kí àtúnṣe inú ilé kan má baà wó ilé kejì. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ ní ọdún 1995, Brooks kọ ọ́ sínú rẹ̀ gbangba pé Parnas ni ó tọ̀nà, òun ni òun ṣì í. Ọkùnrin tí gbogbo ayé ti ń pè ní àgbà nínú iṣẹ́ náà ni ó kọ èyí. Iyì rẹ̀ kò sì dín kù. Ní ọdún 1999, wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Turing, èyí tí ó ga jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ó di olóògbé ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ní ẹni ọdún 91.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iyì ìjẹ́wọ́, ó yẹ kí ó wo ibi tí ìjẹ́wọ́ kò sí. Ní orílẹ̀-èdè Bìrìtéènì, ní ọdún 1996, ìjọba gbé iṣẹ́ ètò ńlá kan fún ilé-iṣẹ́ ICL, tí Fujitsu ti ilẹ̀ Jàpáànù ní ìpín tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n fẹ́ kí ètò náà ṣe pọ̀: kí ó máa bá wọn san owó ìrànwọ́ ìjọba fún àwọn aráàlú nípa káàdì, kí ó sì máa ṣe ìṣirò owó gbogbo ilé ìfìwéránṣẹ́. Iṣẹ́ náà falẹ̀. Ní ọdún 1999, ìjọba fagi lé ọ̀ràn káàdì, wọ́n sì fi ohun tí ó kù ṣe ètò tí a ń pè ní Horizon. Láti ọdún náà ni wọ́n ti ń gbé e lọ sí àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè náà.

Kò pẹ́ tí owó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín nínú ìwé. Àwọn alábòójútó ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké, tí púpọ̀ nínú wọn ń ta ọjà wẹ́wẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, yóò ka owó wọn ní alẹ́, yóò pé. Wọn yóò wo Horizon, yóò ní ó dín. Àdéhùn iṣẹ́ sì ni pé owó tí ó bá dín, àpò wọn ni wọn yóò ti san án. Àwọn kan ná gbogbo ohun tí wọ́n fi pamọ́, àwọn mìíràn yá owó lọ́wọ́ ẹbí. Bí wọ́n bá pe ilé-iṣẹ́ láti sọ pé ó dà bí ẹni pé ètò ni ó ń ṣì í, èsì tí púpọ̀ nínú wọn gbọ́ ni pé àwọn nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn nìkan. Láàárín ọdún 1999 sí ọdún 2015, ó lé ní 900 ènìyàn tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi olè, jìbìtì tàbí ìwé owó èké, lórí ohun tí Horizon sọ. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1999 ti mú un rọrùn fún àwọn ilé-ẹjọ́ England àti Wales láti gbà pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi bí ẹnì kan bá mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ibo sì ni oníṣọ́ọ̀bù yóò ti rí ẹ̀rí ohun tí ó wà nínú ètò tí wọn kò jẹ́ kí ó rí? Wọ́n ju àwọn kan sẹ́wọ̀n. Aláboyún wà lára wọn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ti Horizon, àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́. Àwọn kan nínú àwọn tí ń tọ́jú ètò náà mọ̀ pé àṣìṣe wà nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń tún un ṣe. Ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní kò sí ẹni tí ó lè ti ọ̀nà jíjìn wọ inú ìwé owó alábòójútó láti yí i padà. Ẹ̀rí fi hàn nígbẹ̀yìn pé àwọn òṣìṣẹ́ Fujitsu lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, Alan Bates ní ilẹ̀ Wales, kọ̀ láti dákẹ́. Ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì di 555 tí wọ́n jọ pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, adájọ́ sọ ọ́ gbangba pé àṣìṣe inú Horizon lè mú kí owó dín nínú ìwé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Láti ọdún 1999 sí ọdún 2019, ogún ọdún géérégé ni.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìdálẹ́bi ènìyàn 39. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin pàtàkì láti wẹ àwọn tí ó kù mọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kí ni òfin lè ṣe fún ẹni tí ó ti kú? Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2025 pé ó ṣeé ṣe kí ó tó ènìyàn 13, ó kéré tán, tí wọ́n gba ẹ̀mí ara wọn nítorí ọ̀ràn yìí.

Bí a bá fi ìtàn méjèèjì sórí ìwọ̀n, ohun kan ni ó hàn. OS/360 ní àṣìṣe, Horizon ní àṣìṣe. Ètò ńlá tí kò ní àṣìṣe, ẹnikẹ́ni kò tí ì kọ ọ́. Kì í ṣe àṣìṣe ni ó rán ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ohun tí ó rán wọn lọ ni àwọn tí kò fẹ́ kí a sọ pé àṣìṣe wà. Àṣìṣe Brooks gba owó àti àkókò, nígbà tí ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀, ó di ẹ̀kọ́ fún gbogbo ayé. Àṣìṣe Horizon ìbá ti di àtúnṣe ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ká ní wọ́n gba ẹni àkọ́kọ́ tí ó ké gbọ́. Wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, ó hù, ó sì so èso kíkorò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Kíláàsì pàápàá jẹ́ iṣẹ́ tí a kò lè fojú rí, nítorí pé ohun tí ń lọ nínú orí ọmọ fara sin ju inú kọ̀ǹpútà lọ. Olùkọ́ a máa kọ ètò ẹ̀kọ́ sílẹ̀, a máa kọ́ni, a sì máa dán wọn wò. Bí ọmọ kan bá kùnà, ó lè jẹ́ ọmọ ni kò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ogójì ọmọ bá kùnà nínú ìbéèrè kan náà, tí olùkọ́ sì na gbogbo wọn, tí ó ń sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé òun nìkan ni kò gbọ́n, Horizon ni ó ń ṣe ní kíláàsì. Ó sàn kí ó padà sí ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní alẹ́, kí ó kọ ọ́ sí etí ìwé náà pé: ibí yìí ni mo ti ṣì í, n óò tún un kọ́ lọ́la. Ọmọ tí ó bá gbọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ sọ gbólóhùn yìí ní gbangba yóò mọ̀ pé ènìyàn lè ṣì í kí ó má sì di ẹni ìtìjú, kò sì ní í bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ó bá di ọ̀gá.

A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Bí iyán bá lẹ́mọ, kí agúnyán mọ́ ọn kúrò, kí ó sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àlejò. Kò gbọdọ̀ sọ pé àlejò ni ó gbé ẹ̀mọ́ wá láti ilé rẹ̀.